Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwa alágbàwí ní nursing home: kí ló yẹ ká kọ, kí sì ni kò yẹ ká kọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Maryland)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ láti di olùyọ̀ǹda ara ẹni lábẹ́ ètò Long-Term Care Ombudsman ní ìpínlẹ̀ wa, ìyẹn àwọn tó ń gbẹnu sọ fún àwọn àgbàlagbà tó ń gbé ní nursing home àti assisted living. Wákàtí 36 la fi kọ́ ọ. Wọ́n ti fún mi ní káàdì, wọ́n sì ti yan ilé ìtọ́jú kan fún mi.

Ìbẹ̀wò kò bà mí lẹ́rù. Èmi àti àgbàlagbà máa ń rí ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìwé kíkọ. Ọ̀gá wa ní kí n máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ ní ìparí oṣù: kéèsì mélòó, ẹ̀sùn mélòó, ìsọfúnni mélòó, ìbẹ̀wò mélòó, wákàtí mélòó. Nígbà tí mo jókòó tì í, mi ò mọ èwo ni kí n fi síbo.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Màmá kan dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní táwọn bá tẹ bọ́tìnnì ìpè lóru, ó máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó yọjú, ara àwọn á sì ti tutù kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán, wọ́n fi ìka kan ètè: "Má sọ fún wọn o. Èmi ni mo máa sùn síbí lálẹ́, ìwọ á ti lọ sílé rẹ." Ṣé kéèsì nìyẹn? Ṣé ẹ̀sùn ni? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ní kí n má sọ?

Àǹtí Bísí (Texas)

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn ò ní béèrè, wọ́n á kàn máa fi nọ́ńbà dí àyè.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo ìpínlẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. NORS (National Ombudsman Reporting System) ni orúkọ ètò tí gbogbo ìjábọ̀ wa ń wọ̀. October 2019 ni àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ fún ọ, dá a padà.

Kéèsì ni fáìlì tí o ṣí nítorí olùgbé kan tàbí àwọn olùgbé mélòó kan, tí o ní láti ṣèwádìí lé lórí, kí o wá ọ̀nà àbáyọ, kí o sì padà lọ wò ó bóyá ó ti yanjú. Ẹ̀sùn ni ohun tó wà nínú kéèsì náà. Bí bàbá kan bá sọ fún ọ pé oúnjẹ òun ń tutù kó tó dé, pé eyín òun sọnù níbi ìfọṣọ, pé wọn ò wẹ òun láti ọjọ́ Àìkú, kéèsì kan ni, ẹ̀sùn mẹ́ta. Kò sì sí kéèsì tí kì í ní ẹ̀sùn nínú. Ìsọfúnni àti ìrànlọ́wọ́ ní tirẹ̀ ni ìgbà tí o dáhùn ìbéèrè tàbí tí o la ọ̀nà fún èèyàn láìṣí fáìlì. Ọmọ olùgbé kan pè ọ́ pé ṣé ilé ìtọ́jú lè ní kí òun má wá kí ìyá òun mọ́, o ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ìyá rẹ̀ fún un, ó ní òun á lọ bá wọn sọ ọ́ fúnra òun. Ìyẹn ní àyè tirẹ̀ nínú ìjábọ̀, má kà á mọ́ kéèsì.

Ó wá ku màmá tó dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Wọn ò yọ̀ǹda. Nítorí náà, o kò gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn: nọ́ọ̀sì o, ọ̀gá àgbà o, títí kan ọmọ wọn tó máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ kì í ṣe ti ilé ìtọ́jú, ti ọ́fíìsì Ombudsman ni, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Bí o bá ti ṣàlàyé ẹ̀tọ́ wọn fún wọn, tí o sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn tàbí pé wọ́n lè gbé e lọ sí ìpàdé àwọn olùgbé, ìsọfúnni àti ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, kà á síbẹ̀.

Bí o kò bá tíì sọ nǹkan kan, padà lọ. Jókòó tì wọ́n. Béèrè pé, "Màmá, tí mo bá lè wò ó láìdárúkọ yín ńkọ́?" Orúkọ wọn gan-an ni ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé "má sọ" ń bẹ̀rù fún. Bí wọ́n bá gbà, ṣí kéèsì, kí o kọ ohun tí wọ́n gbà àti ibi tí wọ́n ní kí o dúró sí. Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, o ṣì ní ojú. Lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ tàbí lóru, dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wo iná ìpè lókè ilẹ̀kùn àwọn yàrá, wo aago. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ rí, o lè ṣí kéèsì fún un, kí o kọ ètò ombudsman gẹ́gẹ́ bí olùfisùn. Ọ̀nà tó bófin mu ni. Àmọ́ ronú kí o tó ṣe é: bó bá jẹ́ màmá yẹn nìkan ló ń tẹ bọ́tìnnì lóru ní apá ibẹ̀, gbogbo wọn á mọ̀ pé àwọn ló sọ ọ́. Fi í sílẹ̀ nígbà yẹn, kí o máa bẹ̀ wọ́n wò.

Bàbá Àlàbá (Illinois)

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Àǹtí sọ. Tèmi kò pọ̀: ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí o kọ ọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń kọ tèmi, kí n tó kúrò nínú ọgbà ilé ìtọ́jú, nígbà tí ohùn olùgbé náà ṣì wà létí mi.

Pé èèyàn máa ń gbàgbé nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí olùgbé fi ẹnu yọ̀ǹda, tàbí kó mi orí, tàbí kó lo ẹ̀rọ tó fi ń sọ̀rọ̀. Kò di dandan kó buwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí aṣojú ombudsman kọ ìyọ̀ǹda yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí o bá lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé, tí o wá kọ "olùgbé gbà" lọ́jọ́ Ẹtì, ta ló máa mọ̀ bóyá ó ti gbà kí o tó lọ?

Ohun tí mo máa ń kọ nìyí: ọjọ́ àti àkókò, ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́, ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó gbà kí n ṣe àti ohun tí kò gbà, ohun tí ojú mi rí, ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí mo máa padà. Ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ yẹn ni àwọn tuntun máa ń fò. Wọ́n á kọ ìṣòro kún ojú ìwé, wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ olùgbé pé, "Kí lẹ fẹ́?" Gbogbo iṣẹ́ tó kù ló sì dúró lórí ìdáhùn yẹn.

Mi kì í kọ èrò ọkàn mi. "Wọ́n pa bàbá yìí tì": èrò ni. "Aago mẹ́wàá àárọ̀, aṣọ ìbùsùn tutù, àwo oúnjẹ wà lórí tábìlì tí ọwọ́ wọn kò tó, wọ́n ní láti òru ni ara àwọn ti tutù": ìyẹn ni ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́, ó sì ṣeé gbé síwájú ẹnikẹ́ni. Má sì sọ ara rẹ di dókítà nínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ olùgbé bá ń já lu ara wọn, kọ ohun tó sọ.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ kejì ni mo ti ń wò ó. CNA ni mí, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ilé ìtọ́jú ni mo ti ń jẹun. Bí ombudsman bá wọlé, ara wa kì í balẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n wá kọ orúkọ wa. Àwa méjì péré lè wà lóru fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, bọ́tìnnì mẹ́ta á máa pè wá lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàlagbà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ tí o kò lè fi sílẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ṣé ẹ máa ń kọ ìyẹn náà?

Ìbéèrè mi kejì: mo fẹ́ràn iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí gan-an. Ṣé èmi náà lè yọ̀ǹda ara mi?

Àǹtí Bísí (Texas)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ọlọ́run á fún yín lókun.

A kì í ṣe surveyor. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìpínlẹ̀ ló lè kọ̀wé àléébù sí ilé ìtọ́jú, tí ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e. Àwa ò lágbára àtifìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ohun tí olùgbé ń fẹ́ là ń lé. Orúkọ òṣìṣẹ́ kì í wọ inú ìjábọ̀ tó ń lọ sí Washington; kóòdù àti iye ló ń lọ. Àìtó òṣìṣẹ́ sì ní kóòdù tirẹ̀, lábẹ́ ìlànà àti ìṣe ilé ìtọ́jú. Nígbà tí ombudsman bá béèrè lọ́wọ́ yín pé èèyàn mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àkọsílẹ̀ irú ìyẹn láti ilé púpọ̀ ni ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ lè gbé lọ bá àwọn aṣòfin.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ CNA kò mọ̀: òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú náà lè jẹ́ olùfisùn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ wa, òṣìṣẹ́ wà lára àwọn tí a lè kọ pé wọ́n mú ẹ̀sùn wá. Bí ẹ bá sì kàn fẹ́ béèrè nǹkan, bíi pé ṣé ó tọ́ kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn yàrá olùgbé, ẹ pè wá. Ìsọfúnni fún òṣìṣẹ́ la máa kà á sí.

Ní ti ìyọ̀ǹda ara ẹni, rárá o, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú. Ẹnì kan kò lè máa gbowó lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú kó tún máa gbẹnu sọ fún olùgbé. Bí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ pàápàá, ìlànà ìjọba àpapọ̀ máa ń wo oṣù 12 tó ṣáájú. Ẹ bá ọ́fíìsì ombudsman ìpínlẹ̀ yín sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ẹ sọ gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n máa nílò irú yín.

Akọ̀wé Àgbà (Georgia)

Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ohun tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kọ wò kó tó lọ sókè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí kóòdù.

Ìsọ̀rí 12 ni ẹ̀sùn pín sí, láti A títí dé L. Ìwà ìkà, àìbìkítà tó burú jáì àti fífi èrú gba owó olùgbé wà ní A. Gbígbani wọlé, pípààrọ̀ yàrá àti lílé èèyàn jáde wà ní C. Ẹ̀tọ́ àti òmìnira, D, owó àti ẹrù, E, ìtọ́jú ara, F, oúnjẹ, H, ilé àti àyíká rẹ̀, I, ìlànà ilé ìtọ́jú, J. K àti L kì í ṣe ẹ̀bi ilé ìtọ́jú rárá. Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó) àti àwọn ọ́fíìsì ìta wà ní K, ìjà láàárín ẹbí olùgbé sì wà ní L. Mo rí àwọn tó ń fi ìjà ọmọ ìyá méjì lórí owó ìyá wọn sí J, tí wọ́n á wá di ẹrù tí ilé ìtọ́jú kò dì lé e lórí. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Bí màmá inú ìbéèrè yẹn bá gbà kí ẹ ṣí kéèsì, F02 ni pípẹ́ kí wọ́n tó dáhùn ìpè. Wíwà tí wọ́n wà nínú aṣọ tutù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tètè pààrọ̀ fún wọn, F08 ni, ẹ̀sùn kejì.

Lẹ́yìn kóòdù, ohun méjì ló kù tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé a rí i pé òótọ́ ni? Ìwọ̀n tí a ń lò ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí olùfisùn sọ tàbí gbogbo rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Kò ní láti tó ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Bí o kò bá sì rí ẹ̀rí, kò túmọ̀ sí pé olùgbé purọ́, kò sì túmọ̀ sí pé kí o ti fáìlì. Ṣì máa bá iṣẹ́ lọ kí ọkàn olùgbé lè balẹ̀.

Ìkejì: ibo ni ọ̀rọ̀ já sí? Ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà: ó yanjú, yálà díẹ̀ tàbí pátápátá, olùfisùn fà á padà tàbí kò nílò ìgbésẹ̀ mọ́, kò yanjú. Olùgbé ló ni ìdáhùn yìí, tàbí aṣojú rẹ̀, tàbí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá. Bí ọ̀gá ilé ìtọ́jú bá sọ pé àwọn ti yanjú ẹ̀, ìyẹn kò tíì tó láti ti fáìlì. Bí aṣọ àwọ̀lékè màmá kan bá sọnù, tí wọ́n ra tuntun fún wọn, tí màmá ní èyí tí ọkọ àwọn rà ni àwọn ń wá, o kò lè kọ pé ó yanjú nítorí pé ó dáa lójú rẹ. Padà lọ bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní kò yanjú, "kò yanjú" ni kí o kọ. Mo ń rí ìjábọ̀ tí gbogbo ẹ̀sùn inú rẹ̀ yanjú láti January dé December. Irú ìyẹn ni mo máa ń dá padà.

Olóòótọ́ (New Jersey)

Mo ní àtakò kan. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá ń gbá àgbàlagbà létí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni mí, òfin fi dandan lé e pé kí n fi tó ìjọba létí kíákíá. Báwo ni ombudsman ṣe máa gbọ́ irú rẹ̀, tí á wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé, tí á sì dákẹ́?

Àǹtí Bísí (Texas)

Ìbéèrè gidi lẹ bi, ó sì ń dun gbogbo wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti July 2016, aṣojú ombudsman kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n dá olùgbé mọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, títí kan ọ̀ràn ìwà ìkà, kódà níbi tí òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé kí gbogbo èèyàn fi tó ìjọba létí. Àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nọ́ọ̀sì, dókítà, òṣìṣẹ́, gbogbo wọn ni òfin ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà tí àgbàlagbà lè sọ ọ̀rọ̀ fún láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní sọ ọ́ rárá.

Kì í ṣe pé a ń dákẹ́, ẹ̀gbọ́n. A máa jókòó, a máa ṣàlàyé fún un pé ta ló lè dáàbò bò ó, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá pè wọ́n, báwo la ṣe máa dúró tì í. A máa padà lọ́la, a sì máa tún béèrè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gbà ní ìgbà kejì tàbí ìkẹta. Gbogbo ìbéèrè yẹn àti ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀.

Bàbá Àlàbá (Illinois)

Kí n fi kún un: bó bá jẹ́ ojú aṣojú ombudsman fúnra rẹ̀ ni ìwà ìkà ṣe ṣẹlẹ̀, tí olùgbé lè sọ̀rọ̀, ohun tí olùgbé ní kó ṣe ló máa ṣe. Bí olùgbé kò bá lè yọ̀ǹda, tí kò sì ní aṣojú, ombudsman á ṣí kéèsì ní orúkọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùfisùn, á sì fi ọ̀ràn náà lé àwọn tó yẹ lọ́wọ́. Olùyọ̀ǹda ara ẹni kò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe. Pe ọ̀gá rẹ kí o tó kúrò nínú ilé náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Maryland)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ béèrè tẹ̀ lé e. Àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà ńkọ́? Bàbá kan wà ní ilé yẹn tí kò mọ ọjọ́ tí a wà, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún mi nígbà gbogbo pé omi ìwẹ̀ tutù jù.

Àǹtí Bísí (Texas)

Bàbá yẹn lè yọ̀ǹda lórí omi ìwẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹni tó bá ní àrùn ìgbàgbé kò lè sọ ohun tó fẹ́. Bi í pé, "Ṣé kí n bá yín sọ fún wọn?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ pé ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ bó ṣe sọ ọ́, kí o lọ fọwọ́ kan omi náà bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè.

Lórí ọ̀ràn tó tóbi ju agbára òye rẹ̀ lọ, o lè lọ bá aṣojú rẹ̀ lábẹ́ òfin, àyàfi tí o bá ní ìdí láti rò pé aṣojú yẹn gan-an ló ń pa á lára. Bí kò bá sí aṣojú, tàbí tí aṣojú ò ṣeé fọkàn tán, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ombudsman ìpínlẹ̀ fún àṣẹ kí orúkọ olùgbé tó jáde. Kọ ìdí tí o fi rò pé kò lè yọ̀ǹda. "Ó ní àrùn ìgbàgbé" kì í ṣe ìdí tó pé.

Ọmọ Ọ̀ṣun (New York)

Ẹ jẹ́ kí n mú tiwa wọlé díẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ti ń pọ̀ sí i ní àwọn ilé yìí: àwọn tó bá ọmọ wá tọ́ ọmọ ọmọ, tí rọpárọsẹ̀ mú níbí. Ẹ ò ní gbọ́ ẹ̀sùn lẹ́nu wọn bọ̀rọ̀. "A dúpẹ́" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, torí wọn ò fẹ́ kó dà bíi pé ọmọ àwọn kò tọ́jú àwọn, tàbí pé àwọn ya aláìmoore sí àwọn tó ń wẹ àwọn. Ẹ má kọ "kò sí ẹ̀sùn" kí ẹ sì lọ. Ẹ bi wọ́n ní ohun kéékèèké: oúnjẹ wo ni wọ́n jẹ kù? Ṣé wọ́n rí aṣọ àwọn wọ̀? Ta ló ń dì wọ́n nírun? Àìfún èèyàn ní oúnjẹ tó lè jẹ, ẹ̀sùn ni. Àìjẹ́ kó lọ jọ́sìn bó ṣe fẹ́, ẹ̀sùn ni.

Bí èdè Òyìnbó bá ti fi wọ́n sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ lọ́dọ̀ ètò yín. Ẹ má fi ọmọ wọn ṣe ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó kan ọmọ náà. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá bá wọn sọ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pé Yorùbá la fi sọ ọ́, kí ẹni tó máa gba kéèsì lọ́wọ́ yín mọ̀ pé òun nílò ẹni tó gbọ́ ọ.

Akọ̀wé Àgbà (Georgia)

Ọmọ Ọ̀ṣun, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti iṣẹ́ yòókù tí kì í ṣe kéèsì, torí ibẹ̀ ni wákàtí púpọ̀ ń ṣòfò sí láìsí àkọsílẹ̀.

Ìbẹ̀wò tí ẹ kàn lọ láìjẹ́ pé ẹ̀sùn kan ló pè yín, ẹ kà á. Ìjọba àpapọ̀ máa ń béèrè iye ilé tí a dé ní gbogbo ìdá mẹ́rin ọdún, nítorí náà ìbẹ̀wò tí ẹ kò ti gbọ́ ẹ̀sùn kankan wúlò fún ìjábọ̀ yín. Èyí tí ẹ lọ tìtorí ẹ̀sùn, inú kéèsì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìpàdé àwọn olùgbé tí wọ́n pè yín sí, ìpàdé ẹbí, ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ òṣìṣẹ́, bíbá surveyor sọ̀rọ̀ nígbà àyẹ̀wò: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí nípa ẹ̀tọ́ àwọn àgbà nílé ìtọ́jú, ìlanilọ́yẹ̀ ará ìlú nìyẹn, ẹ kọ ọ́. Wákàtí yín pàápàá, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. National Long-Term Care Ombudsman Resource Center ní ẹ̀kọ́ NORS lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára, apá mẹ́rin ni, ìdánrawò wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ibo ni gbogbo nọ́ńbà yìí ń lọ gan-an? Ṣé ẹnikẹ́ni ń kà á?

Bàbá Àlàbá (Illinois)

Wọ́n ń kà á, ìyá. Láti October 1 dé September 30 ni ọdún ìṣirò wa. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á sì fi ránṣẹ́ sí ACL, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kó tó di January 31. Ní ọdún ìṣirò 2023, ẹ̀sùn tí ètò ombudsman jákèjádò Amẹ́ríkà bójú tó lé ní 200,000.

Ètò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, nígbà ìjọba Nixon, ìpínlẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ti fi dán an wò. Ní 1978, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sọ pé gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in, wọ́n sì fi àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké kún un ní 1981.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lílé èèyàn jáde. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, ó wà lára ẹ̀sùn tó ń pọ̀ jù ní nursing home. Láti òpin 2016, bí nursing home bá fẹ́ lé olùgbé jáde láìjẹ́ pé olùgbé ló fẹ́ lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún un, ọjọ́ 30 ṣáájú lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ombudsman ìpínlẹ̀. Ẹ̀dà yẹn nìkan kì í ṣe kéèsì o, Ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí o bá kàn sí olùgbé, tó sì sọ pé òun ò fẹ́ lọ, pé kí o ran òun lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kí o ṣí fáìlì. Tètè lọ, torí ọjọ́ tí wọ́n fún un láti pẹjọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Maryland)

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an. Màá padà lọ bá màmá lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọbìnrin olùgbé kan gbọ́ pé mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀dà ohun tí ìyá òun bá mi sọ. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò sì fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́.

Àǹtí Bísí (Texas)

Má fún un, má sì fi han án lórí fóònù. Kì í ṣe ìwọ lo ni ín láti fún èèyàn. Sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ́fíìsì Ombudsman ìpínlẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó lè rí fáìlì, kí o fún un ní nọ́ńbà wọn. Lẹ́yìn náà, lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ wọn béèrè, kí o gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Fi tó ọ̀gá rẹ létí kí ọmọbìnrin náà tó pè wọ́n.